Pátákó Tí Kì í Pariwo

Kí ló pa á lẹ́rìn-ín? Ẹ bá mi bi í, Màmá, ẹ̀yin tí ẹ bí i, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín òótọ́ àti ìgbà tó ń fi ẹ̀rín bo nǹkan mọ́lẹ̀, kí ló pa Kóòṣì lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà? Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, mo rò ó nídìí aṣọ fífọ̀, mo rò ó nígbà tí mo ń fún ọmọ lọ́mú, títí di bí mo ṣe jókòó yìí mi ò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ká ní ẹlòmíràn ló rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá ní kò mọ̀. Ṣùgbọ́n òun! Òun tí gbogbo rẹ̀ ṣojú rẹ̀! Háà!

Ẹ jókòó dáadáa o, Màmá, ẹ má jókòó sétí àga báyẹn bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ẹ kàn ti àwọn aṣọ ọmọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ti ká wọn tán. Rárá, ẹ má bẹ̀ mí. Mo ní ẹ má bẹ̀ mí, Màmá, ẹ fẹ́ kí ojú tì mí nínú ilé ara mi ni? Òun fúnra rẹ̀ dà? Ọkùnrin tó ga tó ilẹ̀kùn, tó bá pariwo ní gbọ̀ngàn eré, àwọn tó wà ní títì á yíjú wò, òun ló wá rán ìyá rẹ̀ sí mi. Ó dáa náà. Ó mọ̀ pé mi ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Ó ní mo bínú lásán? Hẹn-ẹn. Ohun tó sọ fún yín nìyẹn, pé mo bínú lásán, pé eré ni òun ṣe. Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kẹ́ ẹ wá dá ẹjọ́ náà, ọmọ yín kọ́ ni kẹ́ ẹ rò nígbà náà o, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ rò.

Ẹ mọ iṣẹ́ wa níbẹ̀. Ilé ìtajà tí Kóòṣì ń bójú tó níwájú gbọ̀ngàn yẹn, nǹkan eré píkùbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń tà jù, àwọn pátákó pẹlẹbẹ tí à ń fi gbá bọ́ọ̀lù oníke tó nihò yẹn kọjá nẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tó gbé pátákó tuntun síta fún títà, àwa kan wà tí a máa kọ́kọ́ gbá a. Wọ́n á fi téèpù dúdú bo orúkọ ara rẹ̀ kó má baà di pé èèyàn ń yìn ín nítorí pé olówó gọbọi ni. A ó gbá a, a ó gbá a, a ó gbá a níwájú, a ó gbá a lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ẹnì kọ̀ọ̀kan á dá lọ sí kọ̀rọ̀, á sọ tẹnu rẹ̀ sínú fóònù Kóòṣì. Ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ti ẹnì kejì. Òfin ni, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà máa sọ ohun tí ẹlòmíràn ti sọ, ó ní ohun tí ọwọ́ rẹ bá sọ fún ọ ni kí o sọ. Ẹ rántí èyí o, Màmá. Ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ti ẹnì kejì.

Kí nìdí tí wọ́n fi mú mi síbẹ̀? Nítorí mi ò kì í dúró sójú kan. Àwọn kan wà, ẹ̀yìn pápá nilé wọn, wọ́n á máa fọ́ bọ́ọ̀lù bí ẹni pé ó jẹ wọ́n níyà. Àwọn kan wà tó jẹ́ ẹ̀bá nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń há mọ́, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kó ẹyin. Èmi, gbogbo pápá ni tèmi. Ibi tó bá bọ́ sí ni mo wà. Kóòṣì alára ló máa ń sọ ọ́ fáwọn àlejò: "Ẹ gbé e fún Arìnkáàkiri, bí pátákó kan bá ní àléébù, ó máa rí i." Orúkọ tó sọ mí nìyẹn. Ẹ̀yin náà ti pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ má wolẹ̀, Màmá. Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àbí? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ wá sílé wa lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ yín di ọ̀já mọ́ mi láyà nígbà tí wàrà ń dà ṣòfò.

Àkọ́bí mi. Yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ni mo tẹ́ ẹ sí, lẹ́yìn ògiri pápá, nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo fún un lọ́mú, ó yó, ó gùfẹ̀, mo wò ó títí ó fi sùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí n lè gbọ́ ọ. Pátákó àtijọ́ la ń lò nígbà náà, àwọn tí inú wọn nihò wẹ́wẹ́ bí ilé oyin, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń dún, pá! pá! pá! bí ẹni tó ń kan ìṣó mọ́ páànù, àwa níhìn-ín, àwọn mìíràn ní pápá ẹ̀gbẹ́ wa, pá! pá! pá! Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń wo ilẹ̀kùn, mo ń gbá bọ́ọ̀lù, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wọlé lọ mu omi. Màmá. Omi ni mo fẹ́ lọ mu.

Ta ló wa ọkọ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn? Kóòṣì ni. Ta ló ń sọ fún mi lójú ọ̀nà pé kí n má wo ojú ọmọ náà, kí n máa wo iwájú, kí n máa wo títì? Kóòṣì ni. Ó ń wakọ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀ bí ọmọdé. Mo rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi yín. Ẹni tó sunkún nínú ọkọ̀ yẹn, òun náà ni!

Rárá, mi ò sunkún. Ojú ló ń ta mí. Ìwọ ọmọ yìí, fi bàtà Màmá sílẹ̀! Má fi í sẹ́nu! Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè díẹ̀, bó bá ti rí bàtà, oúnjẹ ló rí.

Èyí tí ẹ ń wò yìí ni mo wá bí. Mi ò fẹ́ padà sí pápá mọ́. Bàbá rẹ̀ ló ní kí n lọ, ó ní bí mo ṣe ń jókòó ti ọmọ lójoojúmọ́ tí mò ń gbé etí sí imú rẹ̀, òun ń bẹ̀rù fún èmi alára. Òótọ́ ló sọ. Bó bá sùn, mo máa jí i láti mọ̀ bóyá ó ń sùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín, ìyẹn pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ni mo bá padà. Ṣùgbọ́n mi ò gbé ọmọ sínú yàrá kankan mọ́ o, ẹ̀gbẹ́ pápá gan-an ni mo gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí, lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń dènà bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbà fún mi. Kóòṣì gbà fún mi.

Ni wọ́n bá gbé pátákó tuntun yìí dé. Téèpù dúdú lójú rẹ̀. Kóòṣì ní àwọn tó ṣe é sọ pé tàwọn tó ń gbá gbogbo pápá ni, pé inú rẹ̀ kò nihò, fóòmù ló wà níbẹ̀. Mo ní fóòmù kẹ̀? Ṣé kí n gbá bọ́ọ̀lù ni àbí kí n sùn lé e? A jọ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Èmi náà mọ ẹ̀rín, Màmá, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, mo mọ ẹ̀rín tí a jọ rín.

Mo gbá a. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín, nítorí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán láti ìgbà yẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú un, ó le, ó ṣe gán-ín lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ẹ̀ jù ú sílẹ̀. Mo ní jẹ́ kí n ní sùúrù fún un. Bí ara rẹ̀ ṣe ń gba bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ló ń rọ̀, bíi bàtà tuntun tó ń mọ ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣe ṣákaṣàka bí ahọ́n ológbò, bí mo bá gé bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á yí bìrí, á bọ́ síbi tí ẹni tó wà níwájú kò rò. Bí bọ́ọ̀lù bá bà á létí, tó bá jẹ́ pátákó mìíràn ni, á yí mọ́ ọ lọ́wọ́. Èyí kò yí. Mo sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fọ́ ọ sí mi gbàà, mo kàn gbé pátákó dúró, bọ́ọ̀lù rọra kú sórí rẹ̀, ó já sí iwájú nẹ́ẹ̀tì lódìkejì wọ̀ọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ mi gbé e kalẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn, mo na ọwọ́ sí i, ó gbé e lọ sí ìlà ìkẹyìn. Àléébù ńkọ́? Ó ní. Ó wúwo díẹ̀ lórí. Bí a bá ń fọ́ ọ síra wa kíákíá lójú nẹ́ẹ̀tì, kò tètè padà bọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, á jìyà lórí ìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ. Mo yìn ín, mo bú u, mo sọ ẹni tó yẹ kó rà á àti ẹni tí kò yẹ kó rà á.

Ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ló da gbogbo wọn láàmú. Kò dún pá. Gbù ni ó ń dún. Gbù, gbù, bí ẹni tó ń lu ìrọ̀rí. Ẹ mọ̀ pé etí làwọn agbábọ́ọ̀lù wa fi ń mọ agbára, bí pátákó bá ti pariwo, wọ́n á ní háà, èyí lágbára! Ọlọ́wọ́ Òsì tí à ń jọ dán nǹkan wò, obìnrin tó sanra díẹ̀ yẹn, ó ní: "Èyí kò lè pa èèrà. Ṣe ló ń dún bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà." Mo ní, ọ̀rẹ́ mi, wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń já sí, má gbọ́ ariwo. Ṣebí ìwọ lò ń fi ẹ̀yìn rìn láti àárọ̀! Ó ní oòrùn ló wọ òun lójú. Nínú gbọ̀ngàn! Lábẹ́ òrùlé! Ẹ gbọ́ mi?

Àárín eré yẹn ni. Bọ́ọ̀lù wà lókè, mo ti na ọwọ́ sẹ́yìn láti gbá a. Ọmọ mi sín.

Mo gbọ́ ọ.

Màmá, mo gbọ́ ọ! Mo gbá bọ́ọ̀lù yẹn, mo sì gbọ́ ọ, mèjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà! Ó tún sín, mo tún gbọ́. Ó ń dá sọ̀rọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gúù-gúù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ń sáré, mo ń gbá, mo ń gbọ́. Láti ọjọ́ tí àkọ́bí mi ti lọ, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù láìyíjú wo apẹ̀rẹ̀. Mo fi Ẹlẹ́dàá mi búra fún yín. Mo gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo lọ sí kọ̀rọ̀, mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí sínú fóònù, ti ìyìn àti ti àléébù, lẹ́yìn náà mo ní, ẹ gbọ́ o, ohun tí mo sọ gẹ́lẹ́ nìyí, mo ní: "Bí o ti ń gbá a, wàá máa gbọ́ ọmọ rẹ." Ó parí. Mo dá fóònù padà fún un.

Kí ni Kóòṣì ṣe? Ó tẹ fóònù, ó gbé e sókè, ó jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́! Òfin tó ṣe fúnra rẹ̀! Kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti nẹ́ẹ̀tì, kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti ìlà ìkẹyìn, ìparí yẹn nìkan ló wá lọ, tó gbé jáde. Ó ní: "Ẹ wá gbọ́ ìyá ọlọ́mọ o! Pátákó la ní kó dán wò, ó lọ dán ọmọ wò!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́wọ́ Òsì di nẹ́ẹ̀tì mú kó má baà ṣubú. Ohùn mi ṣì ń jáde nínú fóònù, ó tún tẹ̀ ẹ́, "wàá máa gbọ́ ọmọ rẹ," ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo dúró. Pátákó wà lọ́wọ́ mi. Ó wá, ó rọra gbà á lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó ní kí n lọ sinmi ná, ó ní nígbà tí ọkàn mi bá padà sínú eré, kí n wá.

Mo gbé ọmọ mi. Mo lọ. Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ ní kí ni? Pé ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló bà á? Pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí nǹkan bá dùn wọ́n jù, ẹ̀rín ló máa ń jáde? Mi ò mọ̀, Màmá. Ẹ̀yin lẹ bí i. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wá sọ ọ́. Mi ò lè máa bá a wá àwáwí fún ara mi.

Bó bá mọ níbẹ̀ ni, ǹ bá gbàgbé. Irọ́ ni, mi ò ní gbàgbé, ṣùgbọ́n ǹ bá dákẹ́. Mo dákẹ́ náà, àbí mi ò dákẹ́? Títí ọmọ fi jókòó, títí ó fi ń rá, mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnì kankan. Àfi ọjọ́ tí mo ń ti kíláàsì àwọn àgbà bọ̀, tí mo gba iwájú ilé ìtajà yẹn kọjá. Mo rí àwòrán Kóòṣì lójú gíláàsì, ó tóbi tó èèyàn gan-an, ó mú pátákó yẹn lọ́wọ́, wọ́n ti ṣí téèpù lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ àwòrán náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó pẹ́ kí n tó mọ ìwé kà, mo dúró, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lára gíláàsì, mo ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Bí. O. Ti. Ń. Gbá. A.

Yéè! Ọ̀rọ̀ mi! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé mi, òun ni wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀! Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí rẹ̀, ó dà bí ẹni pé òun ló bímọ, òun ló gbọ́ ọ. Ó jáde lẹ́nu mi, ó di yẹ̀yẹ́. Ó dé abẹ́ àwòrán tirẹ̀, àwọn èèyàn ń wọlé wá rà á! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, obìnrin kan dúró tòun ti ọmọ lọ́wọ́, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀, ó wọlé. Mo fẹ́ dá a dúró. Kí ni mo fẹ́ wí fún un?

Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́. Ẹ ní àwọn ìyá ọlọ́mọ ń wọlé wá, wọ́n ń bi í léèrè, kò mọ èsì. Ẹ ní wọ́n ń béèrè ibi tó yẹ kéèyàn gbé apẹ̀rẹ̀ sí. Ìdí tó fi rán yín nìyẹn, àbí? Kí n padà wá, kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí n máa dán pátákó wò bí i ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán tèmi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Màmá, ẹ̀yin ni mo bọ̀wọ̀ fún, ni mi ò ṣe bú u báyìí.

Mi ò fẹ́ àwòrán. Pápá yẹn wù mí, mi ò purọ́ fún yín, ó ń wù mí ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá jí, ọwọ́ mi ń yún mí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún un, kó tó wá síhìn-ín, kó tó bẹ ẹnikẹ́ni, kó yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lójú gíláàsì. Kó yọ ọ́ lónìí. Kì í ṣe nítorí pé tèmi ni. Ká ní tèmi nìkan ni, ǹ bá ní kó máa lò ó, ǹ bá ti fi fún un. Ẹ sọ pé pátákó náà dára, pé kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dára ní ẹ̀yìn pápá, ó dára ní ẹ̀bá nẹ́ẹ̀tì, kì í yí lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ òótọ́ ni, mo dúró lé e. Ìkan yẹn nìkan ni kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin kan á kà á, á lọ tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan, á máa gbá bọ́ọ̀lù, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé etí òun ń ṣọ́ ọ.

Mi ò mọ̀ nígbà tí mo sọ ọ́ sínú fóònù, Màmá. Èyí tí ẹ ń wò yìí ti ń sáré kiri inú ilé kí n tó mọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ ni mo ti gbọ́ ọ, mo bi nọ́ọ̀sì, mo ní ká ní pápá dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ tí àkọ́bí mi lọ ńkọ́? Ó gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ tó bá lọ lójú oorun báyẹn, wọn kì í sunkún. Ó ní wọn kì í dún rárá.